Àwọn tó sọ fún Ààrẹ Látòósà pé rárá: lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Olúbàdàn

Kábíyèsí, Olúbàdàn ti ilẹ̀ Ìbàdàn, àti gbogbo ẹ̀yin àgbà tó ń jókòó nínú Ìgbìmọ̀, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìrùkẹ̀rẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́.

Ọmọ ìlú yìí ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìntì. Lọ́dọọdún, bí ìdánwò bá ti parí, mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo agbo ilé àwọn jagunjagun. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Mápó, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó yà sí Ayéyẹ níbi tí Balógun Ìbíkúnlé tẹ̀dó sí, a ó sì parí rẹ̀ ní Òkè Ààrẹ, òkè tí wọ́n fi oyè Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn láyé ogun, pè. Ayéyẹ sí Òkè Ààrẹ kò jìnnà. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá yóò rìn ín láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ìta kan wà láàárín méjèèjì tí mo máa ń dúró sí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún wọn pé Ààrẹ tó ni òkè tí wọ́n ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yìí ló mú kí ọmọ Ìbíkúnlé, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀, fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ti ń pariwo láti àárọ̀ á dákẹ́ wẹ́lo.

Lọ́dún kan, ọ̀gá kan tó wà lórí mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n yọ ibẹ̀ yẹn kúrò. Ó ní ìtàn akọni ni ìjọba ní ká kọ́ ọmọ, kì í ṣe ìtàn ọ̀tẹ̀, àti pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. N kò bá a jiyàn. Mo yọ ọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kó àwọn ọmọ gba ìta náà kọjá láì la ẹnu mi, títí mo fi fẹ̀yìntì. Ó ń dùn mí títí di òní pé mo gbà. Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jókòó sí, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí.

Mo ní ohun tí mo fẹ́ tọrọ, yóò sì jáde lẹ́nu mi kí n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ náà.

Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé ibùdó ogun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pàgọ́ síbí, lórí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá sá fi sílẹ̀. Kò sí ìdílé kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tiwa nìkan ni oyè. Ẹni tó bá láyà, tó sì ní èrò lẹ́yìn, ni yóò gòkè. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í tètè mọ̀ ni pé kò sí jagunjagun kankan nígbà náà tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ olórí ìlú. Balógun ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ọ̀tún Balógun bẹ́ẹ̀, Òsì Balógun bẹ́ẹ̀, Sẹ̀ríkí bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ló ní oko tí àwọn ẹrú rẹ̀ ń ro, kí ọmọ ogun rẹ̀ lè rí iṣu jẹ bí ogun bá pẹ́ nílẹ̀. Olúkúlùkù ló ní ìlú tó ń sìn ín, tí ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Òsì lọ sójú ogun, ọmọ Òsì ni, Òsì ni bàbá ogun rẹ̀, kò mọ Baálẹ̀.

Nítorí náà, bí olórí Ìbàdàn bá ní kí ogun dìde, ẹnu lásán ni títí àwọn tó kù yóò fi gbà. Ó ní láti pè wọ́n jọ, kí ó rọ̀ wọ́n, kí ó gbọ́ ti ẹnu wọn, kí ó fara da èyí tó korò níbẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwa dé". Lójú tèmi, ibi tí agbára Ìbàdàn ti wá gan-an nìyẹn. Àwọn kan máa ń sọ pé ìgboyà wa ló jẹ́ ká borí. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú tí a ṣẹ́gun náà láyà. Ohun tí àwa ní ni ilé kan tí àwọn akọni bíi mẹ́wàá ti ń jókòó pọ̀, tí ẹnu gbogbo wọn sì gba ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dojú kọ Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, Baṣọ̀run Olúyọ̀lé ni olórí ìlú, ṣùgbọ́n Balógun Òdérìnlọ́ ló kó ogun lọ dá wọn dúró. Olórí ìlú jókòó sílé, ó gbé ogun lé ẹni tí ogun jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ogun náà sì ṣẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa sọ ni ti Ìjàyè. Aláàfin Àtìbà wàjà lọ́dún 1859, Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù, sì gorí ìtẹ́. Àṣà àtijọ́ ní kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, ní òun kò ní forí balẹ̀ fún ẹni tó yẹ kó ti bá bàbá rẹ̀ lọ. Ìbàdàn dúró ti Adélù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Baálẹ̀ Olúgbódè àti àwọn ìjòyè rẹ̀, Ògúnmọ́lá ń fẹ́ ogun. Balógun Ìbíkúnlé kò fẹ́ ẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ẹ̀yin àgbà. Balógun, ẹni tí ogun jíjà jẹ́ iṣẹ́ àti oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó mọ odi yí ìlú yìí ká lọ́dún 1858, òun ló ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó sọ tọkàn rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, orí rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohùn tó pọ̀ borí tirẹ̀, ogun sì di dandan. Kí ni Ìbíkúnlé ṣe? Ó ṣíwájú ogun. Láti 1860 ni wọ́n ti wọ̀ ọ́, òun ni Balógun títí Ìjàyè fi fọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862. Ọkùnrin tó ní ká má lọ ló jà á dé òpin, kò sì sí ẹni tó gbọ́ pé ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀gágun, Ìbíkúnlé ni mo máa ń tọ́ka sí, kì í sì í ṣe nítorí iye ìlú tó fọ́.

Ẹ wá wo Ìjàyè fúnra rẹ̀. Kúrunmí ni ohun gbogbo níbẹ̀. Òun ni Ààrẹ, òun ni adájọ́, òun náà ni olórí àwọn awo. Akíkanjú ni, mi ò ní bú u. Ọmọ rẹ̀ márùn-ún ni ogun náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 1861, ìlú rẹ̀ kò lo ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Níhà tiwa, Olúgbódè àti Ìbíkúnlé kú lọ́dún kan náà, 1864, Ògúnmọ́lá sì kú ní 1867, síbẹ̀ Ìbàdàn dúró. Ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ gbé dání kì í tètè bọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni mo fẹ́ dé yìí.

Látòósà di olórí Ìbàdàn lọ́dún 1871, ó sì gba oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àwọn tí kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pàdé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin òǹrorò. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ẹrú tó pọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìpọ́njú wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbójú fò. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí Ààrẹ fi kàn án kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹrú kankan. Ẹ̀sùn náà ni pé nígbà tí Ààrẹ lọ sógun, kò bá a lọ. Pé kò fi oúnjẹ àti ẹ̀tù ránṣẹ́ sí i ní ibùdó. Pé nígbà tí ogun padà, kò jáde sẹ́yìn odi wá kí i kú àbọ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀sùn ogun ni gbogbo rẹ̀. Ìyálóde ló ń ta ẹ̀tù àti ìbọn àwìn fún àwọn ológun. Nígbà tó di pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́, ó ti sọ tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 1874 ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, àwọn ẹrú rẹ̀ ti pa á lóru, ọmọ tó gbà tọ́ sì mọ̀ sí i.

Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Àìjẹńkù náà bọ́ sínú ìbínú Ààrẹ, ìlú sì kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kan Ìyápọ̀ ọmọ Ìbíkúnlé, tó jẹ́ Sẹ̀ríkí. Ọ̀dọ́ ológun tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tóbi, tí ọwọ́ òun náà sì dùn lójú ogun: ó ṣòro kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó, wọn yóò ní ìlú kọ̀ ọ́. Bí kò bá rí ibi sá sí, wọn yóò ránṣẹ́ sí i pé kí ó lọ sùn. Yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ìyápọ̀ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí Ìbàdàn fi dúró ní Ìjàyè ṣe pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀ láì sí ọ̀tá kankan lẹ́nu odi.

Ohun kan wà níbí tí mi ò lè fò. Ààrẹ nìkan kọ́ ló ṣe é. Oyè tó bá ṣófo, ẹlòmíràn ni yóò gùn ún. Ìtanràn tí wọ́n bá gbà, gbogbo wọn ni yóò pín in. Àwọn ìjòyè tó kù jókòó, wọ́n mi orí, olúkúlùkù ń wo ìgbésẹ̀ tó kàn lórí àkàbà. Wọn kò rò ó pé nígbà tí ọjọ́ yóò fi di ọjọ́ tí àwọn náà ní ohun pàtàkì láti sọ, kò ní sí ẹnìkan tí yóò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí. Èmi náà ti mi orí rí nínú ọ́fíìsì ọ̀gá mi, mo sì lọ sílé.

Lọ́dún 1877, Ààrẹ gbé ogun ti Ẹ̀gbá. Ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà. Etí òkun ni ẹ̀tù àti ìbọn ti ń wá, ọwọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ni bodè wà. Ìlú tí kì í fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀tù, tó wá bá ẹni tó mú ọ̀nà ẹ̀tù jà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ihò imú ara rẹ̀. Àwọn ìjòyè tó mọ èyí wà, wọn kò fẹ́ ogun náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, lẹ́yìn ohun tí ojú ti rí?

Lọ́dún kejì, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì gbiná. Ẹ jẹ́ kí n mú ogun Jálumi wá síbí, nítorí èmi kì í yé rò ó. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rọ́ wá sí Ìkirun. Ààrẹ kò sí níbẹ̀. Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló wà níwájú ogun Ìbàdàn, ó sì tú wọn ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Omi odò Ọtín gbé àwọn tó ń sá lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ Jálumi ti wá. Ọjọ́ kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ògbóríẹ̀fọ̀n kú, Ààrẹ fúnra rẹ̀ sì gbé ogun lọ sí ìhà Ìgbájọ láti parí ohun tó kù. Kò padà wálé mọ́. Ó kú ní ibùdó lọ́dún 1885, ogun náà kò tíì parí.

Èyí ni Kírìjì, tí a fi ìró ìbọn ńlá ibẹ̀ sọ lórúkọ. Ẹ ka ojú ogun tí Ìbàdàn ń jà lẹ́ẹ̀kan náà: Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, ní iwájú, Ìlọrin ní Ọ̀fà, Ifẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Mọdákẹ́kẹ́, Ìjẹ̀bú nísàlẹ̀, Ẹ̀gbá ní ìwọ̀ oòrùn. Márùn-ún. Nígbà tí àwọn bodè tó sún mọ́ wa sé, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń gba ọ̀nà Oǹdó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn, èyí tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ìdí. Àwọn ọmọ wa ń fi ìbọn ṣakabùlà dá a lóhùn.

Ẹ sì wo bí òdìkejì ṣe ṣètò ilé wọn. Fábùnmi ló dáná ogun náà, òun ni olórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹnìkan lọ, wọ́n ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá ṣe olórí, Fábùnmi sì gbà láti wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbàdàn sì ni Ògèdèǹgbé ti kọ́ ogun! Ọ̀dọ̀ wa ló ti wà, abẹ́ àwọn ológun wa ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùdó. Ó gba ọgbọ́n wa dání lọ. Àwa tí a ni ọgbọ́n náà ti sin àwọn tó mọ̀ ọ́n lò.

Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n àwọn ibùdó kò tú títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 16 ni, bí a bá ka a láti 1877. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Ààrẹ gbé ogun ti Ẹ̀gbá ti ń gbé ìbọn kí ìyẹn tó parí.

Ó yẹ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún Látòósà. Ojo kọ́ ni. Ẹni tó bá jẹ Kakaǹfò ti mọ̀ pé ó di dandan kí òun ṣẹ́gun tàbí kí òun má padà, ó sì mú májẹ̀mú náà ṣẹ. Ẹni ọdún rẹ̀ ti lọ ṣùgbọ́n ó sùn sínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó sì ń gbé láàárín àwọn ènìyàn tí wọ́n lè yí padà sí i lọ́jọ́ kan, nítorí olórí tí Ìbàdàn kọ̀, òun náà ń sùn. Mo gbà pé ẹ̀rù ló bà á. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé ẹ̀rù àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bà á ju ti àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe Ìbàdàn nìkan ló ti rí i. Ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1937, Stalin, olórí ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀gágun rẹ̀. Nínú márùn-ún tó wà nípò gíga jù, mẹ́ta ni kò yè é. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Jámánì ya wọlé. Ọ̀gágun Zhukov sọ fún Stalin pé kí wọ́n kó ogun kúrò ní Kiev kí wọ́n má baà há mọ́ ibẹ̀; Stalin yọ ọ́ nípò rẹ̀, ogun náà sì há mọ́ ibẹ̀ lóòótọ́ nínú oṣù kẹsàn-án 1941. Ṣùgbọ́n Zhukov wà láàyè. Nígbà tí Stalin kọ́gbọ́n, ó rí ẹni pè padà. Látòósà kò lè pe Ìyápọ̀ padà.

Ti Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun kan náà, ló dára jù láti fi kọ́ ọmọ. Alan Brooke ni ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀ rẹ̀ láti ìparí ọdún 1941. Àwọn méjèèjì máa ń jiyàn tantan, Churchill á lu tábìlì, Brooke á kọ̀ jálẹ̀. Ó tó ìgbà mélòó kan tí Churchill fẹ́ kí wọ́n kógun wọ Norway, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ní kò ṣeé ṣe, kò sì wáyé. Inú bí Brooke títí ogun fi parí, ó ń kọ ìbínú rẹ̀ sínú ìwé lálaalẹ́. Síbẹ̀, bí gbogbo ọ̀gágun rẹ̀ bá fi ohùn ṣọ̀kan pé rárá, Churchill máa ń fi í sílẹ̀, kò sì yọ Brooke. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹ wo ìyẹn, ilé Olúgbódè náà nìyẹn.

Àti nílé níbí, nígbà ogun abẹ́lé. Lọ́dún 1969, Gowon yọ Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kúrò níwájú ogun, ó fi Obasanjo, tó wà ní Ìbàdàn yìí bí ọ̀gá àwọn ọmọ ogun, rọ́pò rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó jàre. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé a yọ ọ̀gágun, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ó sì dàgbà. Ọdún 2014 ló tó kú.

Ẹ̀yin bàbá mi, ohun tí mo wá tọrọ nìyí.

Tí ẹ bá ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn akéwì bá ń ki àwọn jagunjagun ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìlù bá ń sọ orúkọ Olúyọ̀lé, Ògúnmọ́lá, Ìbíkúnlé, Látòósà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe Ẹfúnṣetán, kí wọ́n pe Àìjẹńkù, kí wọ́n pe Ìyápọ̀. Kí wọ́n má pè wọ́n bí ọ̀dàlẹ̀. Kí wọ́n pè wọ́n bí ìjòyè Ìbàdàn.

Mo tún ń tọrọ òkúta kan. Kò ní láti tóbi. Ère Ẹfúnṣetán wà ní Challenge, gbogbo ọkọ̀ ló ń yí i ká, àwọn ọmọ sì ń béèrè ẹni tó jẹ́. Ìyápọ̀ kò ní nǹkan kan. Ẹ pe àwọn ẹbí ní Ayéyẹ, ẹ pe àwọn ẹbí ní Òkè Ààrẹ, kí wọ́n jókòó pọ̀ níwájú yín kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò kọ sára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbin wà níbẹ̀ tí a ti fi aṣọ bò láti ọjọ́ tó pẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè pè wọ́n tí wọn yóò wá. Bí wọ́n bá jókòó lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò gbà, ẹ tún pè wọ́n.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ má bínú bí ó bá dà bí ẹni pé ọmọdé ń kọ́ àgbà. Ẹ kì í gbé ogun mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ọjà ń bọ̀ wá síwájú yín, ìjọba náà sì ń fẹ́ gbọ́ ẹnu yín. Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán nínú ìpàdé, ta ni nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ tí yóò sọ ohun tó yàtọ̀? Ìlà tí ẹ ń gùn yìí gùn. Ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó wà lókè ni ìgbésẹ̀ òun tó kàn wà. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé, bí ọ̀rọ̀ ńlá bá délẹ̀, kí ẹni tí oyè rẹ̀ kéré jù máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí a máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí Kábíyèsí sì sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Kò ná ìlú ní kọ́bọ̀.

Ní ti òkúta yẹn, mo mọ ibi tó yẹ kó wà. Ìta tí mo máa ń dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọ ni, níbi tí èèyàn ti ń rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò sì tíì gbàgbé ilé tó ti ń bọ̀. Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá dá, kí ẹ rán ẹnìkan sí mi. Ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi, mo lè mú un lọ láti Ayéyẹ.

Èmi ni, ọmọ yín,
olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.